O-ring: òrùka rọ́bà inú bíréèkì bàálù kékeré

O-ring ni òrùka rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ibi tí irin méjì ti wọnú ara wọn, kí ọ́ìlì má baà jò gba àárín wọn. Ẹni tó bá ti tú kálípà mọ́tò (apá bíréèkì tó ń fún dísíkì mú) rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fọwọ́ kan ìbátan rẹ̀. Ìlú yìí kò ní pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù wà ní Ìlọrin nítòsí wa, àwọn ọmọ mẹkáníìkì wa sì lè débẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ dáadáa nípa bíréèkì mọ́tò gan-an ló lè ṣì wọ́n lọ́nà níbẹ̀.

Nínú bàálù irú Cessna 172, táyà méjì tó wà lábẹ́ apá nìkan ló ní bíréèkì. Pẹ́dàlì ọ̀tún ń di táyà ọ̀tún mú, tòsì ń di tòsì, ọ̀kan kò sì lè ran èkejì lọ́wọ́. Nínú kálípà, písítìnì ló ń ti páàdì mọ́ dísíkì, O-ring tó yí písítìnì náà ká ló sì ń sé ọ́ìlì mọ́.

Ọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ wà. DOT 3 àti DOT 4 tí à ń rà fún mọ́tò kì í ṣe ọ́ìlì epo rọ̀bì, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní glycol ló wà nínú wọn. Èyí tí bàálù kékeré ń lò, tí wọ́n ń pè ní 5606, inú epo rọ̀bì ló ti wá, ó sì pupa. Rọ́bà nitrile ni wọ́n ń lò pẹ̀lú 5606, ti mọ́tò sábà máa ń jẹ́ EPDM. Bí o bá rọ DOT sínú bíréèkì bàálù, nitrile á wú, á rọ̀. Bí o bá sì fi rọ́bà mọ́tò sínú 5606, òun náà á wú. Tú u jáde kí o wò ó: ó ti tóbi ju ihò tó ń gbé lọ, bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní tètè padà sípò, etí rẹ̀ á sì ti máa bó wẹ́wẹ́.

Rọ́bà tó wú máa ń há písítìnì, páàdì á máa họ dísíkì títí á fi gbóná. Èyí tó ya ń jẹ́ kí ọ́ìlì jò, pẹ́dàlì á sì wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàálù tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,000 ti balẹ̀, ó ń sáré bíi kìlómítà 90 ní wákàtí, awakọ̀ tẹ pẹ́dàlì méjèèjì, ọ̀kan ṣoṣo ló dáhùn. Ojú ẹsẹ̀ ni imú bàálù á yà sí apá tí bíréèkì ti mú, á sì bọ́ sínú koríko.

Ojú kò lè fi nitrile mọ̀ yàtọ̀ sí EPDM, dúdú ni méjèèjì. Ẹ má ra O-ring tí wọ́n dà sínú agolo lọ́jà. Inú ọ̀rá tirẹ̀ ló yẹ kó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà (MS28775 wà lára èyí tó bá 5606 mu) àti déètì tí wọ́n ṣe é.

Bí ọ́ìlì tí kò yẹ bá ti wọlé, dídà á nù kí a sì rọ ọ́ìlì pupa sí i kò tó rárá. Ẹ tú másítà (ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà) àti kálípà, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà àti họ́ọ̀sì, ẹ fi ohun tí ìwé àtúnṣe bàálù náà bá sọ fọ páìpù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tó bá kan yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì, ẹ má tẹ pẹ́dàlì léraléra bíi ti mọ́tò. Ìsàlẹ̀ níbi kálípà ni a ti sábà ń ti ọ́ìlì gòkè, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí másítà jáde.

Awakọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà bóyá ọ́ìlì pupa wà níbẹ̀, kó sì tẹ pẹ́dàlì méjèèjì wò lókè kó tó balẹ̀. Bí ọ̀kan bá rọ̀, kó wá ojú ọ̀nà tó gùn, kó jẹ́ kí bàálù sáré rẹ̀ tán fúnra rẹ̀, kó má sì gbára lé bíréèkì kan tó kù.