“Ẹ̀jẹ̀ rẹ á gbẹ”: ọ̀rọ̀ ẹni tó fi ẹran sílẹ̀

Nílùú Ìyàrá, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin ti Lọ́kọ́ja dé, ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Ìyá wa ò jà. Wọ́n bu iyán fún un, wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n sì rọra ri ègé ẹran kan mọ́lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀gúsí bí ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ ọmọdé. Ìka rẹ̀ kàn án, ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ á gbẹ. Kí lo fẹ́ fi kọ ebè?”

Láti Kábbà títí dé Ìsánlú, ohun tí ẹ ó gbọ́ nìyẹn: inú ẹran ni agbára àti ẹ̀jẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé èèyàn lè fi ẹran sílẹ̀ kí nǹkan kan má yẹ̀, àwọn náà ò tíì sòótọ́ tán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹran tí à ń pariwo rẹ̀ yìí. Nílé àgbẹ̀ tí mo ti dàgbà, ègé méjì tí kò tó páálí ìṣáná ni bàbá ń rí nínú ọbẹ̀, ìyá ń rí ẹyọ kan, àwa ọmọ ń lá omi ọbẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá há, pọ̀mọ́ ni. Awọ sì ni pọ̀mọ́. Pòròtíìnì inú rẹ̀ ò ní tryptophan, bẹ́ẹ̀ èyí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara ò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, àfi kó rí i jẹ. Ẹ máa jẹ pọ̀mọ́ nítorí adùn rẹ̀, n ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn bàbá tó kọ ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí, ibòmíràn ni wọ́n ti rí okun wọn.

Inú ẹ̀wà ni, inú ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti irú. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 23 pòròtíìnì. Ẹ̀pà ní nǹkan bíi 25, ẹ̀gúsí 28, sóyà 36. Ẹran màlúù sísè tí kò lọ́ràá wà níbi 26. Òótọ́ ni pé bí ẹ̀wà bá jinná tó sì mumi, gíráàmù 100 rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8, nítorí náà àwo ẹ̀wà ní láti kún dáadáa. Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 nílò nǹkan bíi gíráàmù 48 lójúmọ́. Ẹ̀wà lọ́sàn-án, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ki lálẹ́, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà láàárín méjèèjì: ó ti fẹ́ pé.

Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà ni pé wọ́n yọ ẹran kúrò, wọn ò fi nǹkan kan dípò. Iyán àti ọbẹ̀ ilá ṣáá. Iṣu kò tilẹ̀ ní tó gíráàmù 2 pòròtíìnì nínú 100. Ẹni tó ń jẹ bẹ́ẹ̀ á rù lóòótọ́, wọ́n á sì ní, “Ẹ ò rí i, a sọ fún un.” Àwọn ìyá wa ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: àdàlú. Ohun tó dín nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, ohun tó dín nínú ẹ̀wà wà nínú àgbàdo. Ọ̀ọ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ kò yàtọ̀. Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín ta náà dára púpọ̀. Ti kajú wa ló ń dùn mí. Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn tó ń kó kajú jáde jù ní Nàìjíríà. À ń jẹ èso rẹ̀, à ń ta kóró rẹ̀ ní tútù kí wọ́n kó o lọ sí Íńdíà àti Vietnam, a wá ń fi owó rẹ̀ ra pọ̀mọ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ibà àti aràn inú wà lára ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé gbẹ, kì í ṣe àìjẹ ẹran nìkan. (Málíìtì àti mílíìkì kì í ṣe oògùn rẹ̀, ẹ dákun.) Áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àmọ́ ara kì í tètè gbà á bó ṣe ń gba ti ẹran. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni fítámì C: ẹ jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ọn. Tíì tí à ń mu lé oúnjẹ máa ń dí i lọ́nà, kó dúró ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni fítámì B12. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é, ara ẹranko ni à ń gbà rí i jẹ, kò sí ewé tàbí ẹ̀wà kan tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé fún un, kódà irú. Nígbà tí Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1944, tí wọ́n ṣẹ̀dá orúkọ náà vegan, ẹnikẹ́ni ò tíì rí B12. 1948 ni wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Àìsàn ṣe àwọn kan lára wọn kí wọ́n tó mọ ìdí rẹ̀. Watson ní tirẹ̀ pé ẹni ọdún 95 kó tó kú ní 2005, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò gbẹ. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 fún ọdún bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ewu rẹ̀ fi ń pẹ́ yọjú: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú tìpìrì, ó máa ń rẹ èèyàn. Ẹni tó bá fi ohun gbogbo tó ti ara ẹranko wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ pàápàá. Bí ẹ bá dé kẹ́mísìtì, ẹ ka ara páálí, kì í ṣe gbogbo B-co ló ní B12 nínú.

Egungun náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ìwádìí kan ní Ìlú Ọba lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tó jáde ní 2020, rí i pé ìbàdí àwọn vegan ń kán ju ti àwọn tó ń jẹ ẹran lọ. Kí wọ́n má fojú di yánmọtí àti ẹ̀fọ́.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé fi màlúù jiyàn pé “koríko ló ń jẹ, ó sì lágbára.” Ikùn màlúù kì í ṣe ikùn tiwa.

Mo bi àbúrò mi ìdí tó fi ṣe é. Ó ní lọ́nà Ọbájánà, ọkọ̀ akẹ́rù màlúù kan dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì àwọn. Ọ̀kan ti ṣubú láàárín, àwọn yòókù ń tẹ̀ ẹ́ lórí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òun. “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ìyá wa ló kọ́ wa pé ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.” N kò rí fèsì. Mo ṣì ń jẹ ẹran, n ò ní purọ́, àmọ́ n ò lè pe ìyẹn ní àṣà òyìnbó. Ìdílé mélòó ló ní ẹranko tí wọn kì í jẹ, tí ẹnì kan ò sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn á gbẹ?

Ìnáwó ló ṣòro jù. Bí wọ́n bá pa màlúù níbi òkú àgbà, ìpín ẹran tí wọ́n gbé fún ọ ló ń fi ibi tó o dúró nínú ẹbí hàn. Ẹni tó kọ̀ ọ́ ti kọ ẹbí. Àbúrò mi ń fọwọ́ méjèèjì gbà á, á dúpẹ́, á wá gbé e fún ọmọ tó bá jókòó sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n, ìjà ni lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti olóúnjẹ ní Kábbà kò rọrùn bẹ́ẹ̀: ó ní kí wọ́n má fẹran sí i, ìyá náà ní ó dáa, ó wá gbé pọ̀mọ́ méjì àti ẹja sísun lé e. “Ìyẹn kì í ṣe ẹran.”

Ìyá wa ti ń se ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ báyìí, irú rẹpẹtẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀ kó má baà gbọ́: “Edé ńkọ́? Ṣé ẹran ni edé?”