Bí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe ń wá ìdáhùn kó tó ya àwòrán

Àwòrán tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ojú ìwé orí kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ṣàfihàn iye, kì í jókòó síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣí i. Ìdáhùn ni, ó sì di dandan kí ìbéèrè kọ́kọ́ wà. Bí èèyàn bá tẹ oṣù kan tàbí tó yan ẹ̀ka kan, sọ́fítíwià náà á sọ ohun tó tẹ̀ di ìbéèrè ní èdè tó yé dátábéèsì (ibi tí wọ́n kó dátà pamọ́ sí), SQL ni èdè náà lọ́pọ̀ ìgbà: kó àwọn ọjà tí wọ́n tà lóṣù yìí jáde, pín wọn sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, ro owó wọn pọ̀. Dátábéèsì á ṣírò, á dá èsì padà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀pá àti ìlà máa tó hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá ti mọ èyí á mọ ibi tí ìfalẹ̀ ti ń wá. Bí ojú ìwé kan bá ní àwòrán 20, tí èèyàn sì yí ọjọ́ padà lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè jẹ́ ìbéèrè 20 ló máa ya lu dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan náà. Jakob Nielsen, tó ti ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà tipẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1993 pé bí èsì bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, èrò ọkàn èèyàn kì í já. Tó bá ti tó 10, ọkàn ti ń lọ síbòmíràn. Ìpalára rẹ̀ pọ̀ nídìí dáṣíbọ́ọ̀dù, torí ìbéèrè kan ló ń bí òmíràn. Ẹni tó bá ti dúró pẹ́ jù nídìí àkọ́kọ́ kì í béèrè èkejì mọ́.

Láti bọ́ lọ́wọ́ ìfalẹ̀, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià máa ń ṣe àdàkọ dátà náà sọ́dọ̀ ara wọn, níbi tí wọ́n ti lè yára kà á. Ibẹ̀ ni awuyewuye mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan á tẹ iye kan sínú ètò ìṣirò owó láàárọ̀, á ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ní í bá a níbẹ̀, á sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Nǹkan kan ò bàjẹ́: àdàkọ òru àná ló ń wò. Ní Power BI, sọ́fítíwià Microsoft tí wọ́n fi ń ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù, Import ni wọ́n ń pe ọ̀nà àdàkọ yìí, DirectQuery sì ni èyí tó ń lọ béèrè níbi tí dátà wà gan-an. Ní Tableau, tóun náà jẹ́ irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀, extract àti live ni. Àdàkọ ń yára ṣùgbọ́n ó ń gbó. Èkejì jẹ́ tuntun, àmọ́ bí dátábéèsì bá falẹ̀, òun náà á falẹ̀. Ẹni tó ń lo Power BI Pro lè ṣètò kí àdàkọ máa tún ara rẹ̀ ṣe nígbà 8 lójúmọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àsìkò tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé náà ní lẹ́tà tó hàn ketekete. Ìlà kékeré yẹn ṣe pàtàkì ju àwọ̀ mèremère èyíkéyìí lọ.

Ohun tó tún ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ni kí dáṣíbọ́ọ̀dù méjì sọ iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa nǹkan kan náà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ka gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ sí oníbàárà, tí èkejì ka kìkì ẹni tó sanwó. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ aago: lágbègbè tó fi wákàtí 1 ṣáájú UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n), ọjà tí wọ́n tà ní aago 12:30 òru ti bọ́ sí ọjọ́ tuntun, ṣùgbọ́n lójú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà, tó ń fi UTC kà, aago 11:30 alẹ́ àná ni. Èyí tó máa ń fara pamọ́ jù ni wíwá ìpíndọ́gba látinú ìpíndọ́gba. Ká ní ọ́fíìsì kan gba èèyàn 10, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú 2. Òmíràn gba èèyàn 90, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú 12. Bí sọ́fítíwià bá ro 2 àti 12 pọ̀, tó pín in sí méjì, á sọ pé ìṣẹ́jú 7 ni. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú 1,100 ni àwọn èèyàn 100 náà fi dúró lápapọ̀, 11 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ìtumọ̀ iye kọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, wà níbì kan ṣoṣo tí gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù á ti máa lọ mú un, dípò kí olúkúlùkù máa kọ tirẹ̀.

Bí iye bá ti péye, ó ku bí ojú ṣe máa kà á. Ìwádìí William Cleveland àti Robert McGill, tó jáde lọ́dún 1984, fi hàn pé ojú èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń fi gígùn wé gígùn ju igun wé igun lọ. Ìyẹn ló mú kí ọ̀pá tètè yé èèyàn ju róbótó tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ láti òdo ni kí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀: bó bá bẹ̀rẹ̀ láti 90, ọ̀pá 100 á ga ní ìlọ́po méjì ọ̀pá 95.

Tí ojú ìwé náà ò bá dáhùn ìbéèrè wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ bọ́tìnnì tó ń kó dátà jáde sí Excel. Kò burú, ó tiẹ̀ ń sọ fún ẹni tó ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù pé ìbéèrè kan wà tí òun ò rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì yẹn ti já kúrò lára ìbéèrè tó bí i. Àtúnṣe tó bá dé bá dátà lẹ́yìn náà kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí kì í sábà mọ ọjọ́ tí wọ́n kó o jáde, àfi tí ẹni tó kó o bá kọ ọ́ síbẹ̀.