Kíkọ́ àwọn ọmọdé ní họ́kì orí yìnyín

Kíkọ́ àwọn ọmọdé ní họ́kì orí yìnyín ni iṣẹ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ìdánrawò ṣe, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín, bí wọ́n ṣe ń darí pọ́ọ̀kì àti bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ó gbilẹ̀ púpọ̀ ní Kánádà, Amẹ́ríkà, Rọ́síà, Swídìn àti Fínlándì. Pọ́ọ̀kì ni rọ́bà líle pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Ti àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 170. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ kéékèèké sábà máa ń lo aláwọ̀ búlúù tí kò ju bíi gíráàmù 113 lọ, kí apá wọn lè ká a.

Yíyọ̀ lórí yìnyín

Bàtà ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Irin abẹ́ rẹ̀ jin díẹ̀ láàárín, èyí tó mú kó ní ẹnu méjì, ẹnu inú àti ẹnu òde. Ọmọ tí kò bá lè fara ti méjèèjì kò ní lè yí kọ́nà dáadáa. Kò sí pọ́ọ̀kì nínú ìdánrawò àkọ́kọ́ rárá: ṣíṣubú àti dídìde ni. Ọmọ á kúnlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, á fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún náà, á sì nà ró. Dídúró ló kàn. Ọmọ á ya gìgísẹ̀ síta, á kó orí bàtà méjèèjì sínú, á sì fi ẹnu inú irin tẹ yìnyín. Bí ẹ̀rún funfun bá kó jọ níwájú bàtà, akọ́nimọ̀ọ́gbá á mọ̀ pé ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ yíyọ̀ sẹ́yìn, torí bẹ́ẹ̀ ni adènà ṣe ń yọ̀ nígbà tí alátakò bá ń bọ̀.

Láti orí ìlà sí ibùdó

Nínú ìdánrawò àtijọ́, gbogbo ọmọ á tò sórí ìlà kan, wọn á sì máa lọ gbá sí àwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára lójú òbí tó ń wòran, àmọ́ bí ọmọ 15 bá tò, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọmọ á dúró ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó tún kàn án, nínú òtútù. Ní 2009, USA Hockey, àjọ tó ń darí họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà, gbé ètò American Development Model kalẹ̀, èyí tó ń pín pápá sí ibùdó, ìyẹn àwọn apá kéékèèké tí ẹgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ìdánrawò tirẹ̀. Pápá Àríwá Amẹ́ríkà sábà máa ń gùn tó mítà 61, ó sì ń fẹ̀ tó mítà 26, nítorí náà ó gba ibùdó mẹ́fà. Bí fèrè bá dún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣí lọ sí ibùdó tó kàn.

Ní ibùdó kan, ọmọ lè máa gbé pọ́ọ̀kì yípo kóònù. Èyí wúlò, ṣùgbọ́n kóònù kì í na ọ̀pá gba pọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí eré mẹ́ta sí mẹ́ta ní àyè tó há fi ṣe pàtàkì: ojú ọmọ á kúrò nílẹ̀ ní tipátipá.

Ìdánrawò méjì sí ọ̀kan

Àwọn méjì á gbé pọ́ọ̀kì wá bá adènà kan ṣoṣo. Adènà á wà láàárín wọn, á fi ọ̀pá lélẹ̀ dí ọ̀nà páàsì, á sì fi ẹni tó fẹ́ gbá a sílé sílẹ̀ fún aṣọ́lé. Ẹni tó ní pọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kánjú: bí ó bá fún ẹnìkejì rẹ̀ kí adènà tó sún mọ́ ọn, kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọdé sábà máa ń sún mọ́ ara wọn jù, tí adènà kan á sì ká méjèèjì mọ́.

Fífi ara gbá ara

Ní 2011, USA Hockey yọ fífi ara gbá alátakò kúrò nínú ìdíje àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12, Hockey Canada, àjọ ti Kánádà, náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2013. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni bí wọ́n ṣe ń fi ìyọ̀ darí alátakò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n fi ọ̀pá já pọ́ọ̀kì gbà, kí wọ́n má sì ti ẹni tó kọjú sí ògiri láti ẹ̀yìn.