Kakẹ́síà: Kí Ló Dé Tí Ẹni Tó Ní Jẹjẹrẹ Ń Jẹun Tó Tún Ń Rù?

Ohun tó sábà máa ń já àwọn ará ilé láyà lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, kì í ṣe kókó yẹn fúnra ẹ̀, torí kókó lè má hàn síta rárá. Ohun tí wọ́n ń rí ni aṣọ tó ń tóbi sí i lọ́rùn, bẹ́líìtì tí ihò ẹ̀ ti tán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn. Wọ́n á gbé oúnjẹ dé, á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì péré, á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀: "Ṣé o ò fẹ́ yè ni? Jẹun jàre!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń bá jà yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Rírù yẹn lórúkọ. Kakẹ́síà làwọn dókítà ń pè é, cachexia ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èdè Gíríìkì ló ti wá, ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé ara wà nípò tí ò dáa. Kì í ṣe irú rírù tí ebi ń fà o. Ẹni tí ebi ń pa, ọ̀rá ni ara ẹ̀ máa ń ná jù, á máa ṣọ́ mọ́sù ná (mọ́sù ni ẹran ara tá a fi ń rìn, tá a fi ń gbé nǹkan, tá a tiẹ̀ fi ń mí), á tún dín agbára tó ń lò kù, tó bá wá rí oúnjẹ, ẹran á padà sára ẹ̀. Ti kakẹ́síà ò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́sù ló ń lọ, ọ̀rá lè bá a lọ tàbí kó má bá a lọ, ara ẹlòmíì tiẹ̀ ń ná agbára ju ti tẹ́lẹ̀, oúnjẹ nìkan ò sì lè dá gbogbo ẹ̀ padà.

Lọ́dún 2011 àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kan: tí ìwọ̀n ara ẹni tó ní jẹjẹrẹ bá fi ju ìdá 5 nínú 100 lọ dín kù láàárín oṣù 6, láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ fọn, kakẹ́síà ti wọlé nìyẹn. Ẹni tó wọn kílò 80 tẹ́lẹ̀, tóhun tó lọ bá ti ju kílò 4, ẹ ké sí dókítà. Ẹni tó ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ tàbí tí mọ́sù ẹ̀ ti kéré, wọn ò tiẹ̀ ní dúró dé ibẹ̀, tó bá ti kọjá ìdá 2 nínú 100 ó ti tó. Ẹni tó sanra ló máa ń tan èèyàn jẹ jù, wọ́n á ní "ó tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀", mọ́sù ti ń tán lábẹ́ ọ̀rá, ẹnikẹ́ni ò rí i.

Kí ló ń jẹ ẹ́ gan-an? Jẹjẹrẹ ń dá rògbòdìyàn sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara náà ń bá a jà, tọ̀tún tòsì wọn ń tú kẹ́míkà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń ránṣẹ́ kiri. Ọ̀kan nínú wọn ni TNF, ní nǹkan bí 1985 cachectin ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n rí i pé ó ń mú ẹranko rù. IL-6 náà wà níbẹ̀. Tí iṣẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ mọ́sù, ẹ ṣáà mọ̀ pé lójoojúmọ́ ni ara ń tú mọ́sù tó ti gbó tó sì ń kọ́ tuntun, bí ilé tí wọ́n ń yọ búlọ́ọ̀kù tó sán kúrò kí bíríkìlà lè to òmíì síbẹ̀, wàyí o, àwọn tó ń yọ ọ́ pọ̀ sí i, bíríkìlà dín kù, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ẹ̀dọ̀ á wá kó púrótéènì tó jáde lára mọ́sù, á fi ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ fi jagun, á fi ṣe ṣúgà. Jẹjẹrẹ fúnra ẹ̀ sì ń fi ṣúgà ṣòfò, ohun tó bá jó kù á padà sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á tún ná agbára láti sọ ọ́ di ṣúgà padà, wọ́n á tún gbé e fún jẹjẹrẹ.

Èyí tó yẹ kí ará ilé fetí sí jù rèé. Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ GDF-15, ẹ̀yìn ọpọlọ ló ń lọ bá, ibẹ̀ ló ti ń pa ẹ̀rọ ebi, tó sì ń mú kí èébì máa gbé èèyàn. Ẹni tó ní "kò wù mí jẹ" kì í ṣe agídí, ọpọlọ ẹ̀ ti gbọ́ pé kó má jẹ. Ẹ wá fi ti ìtọ́jú náà kún un, kẹ́mò (oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ) tó ń yí adùn oúnjẹ padà, egbò ẹnu, ìgbẹ́ tó dì, ìrora, dídùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Jẹjẹrẹ pancreas (ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ), ti ikùn, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń ṣe é jù, ti ọmú ò fi bẹ́ẹ̀.

Tó bá wá di ìtọ́jú, kò sí oògùn kan ṣoṣo tó ń bá a wí. Tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ yẹn wò, ìyẹn ló dáa jù. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn ohun tó ṣeé tètè tún ṣe, torí mo rí i pé àwọn yẹn la máa ń fojú fò jù: ẹ sọ fún dókítà nípa egbò ẹnu, nípa èébì, nípa ìgbẹ́, ó ní oògùn. Oúnjẹ kékeré lemọ́lemọ́ sàn ju àwo ńlá kan tó ń dẹ́rù bani. Púrótéènì ni kẹ́ ẹ máa lé, ó yẹ kó ju gíráàmù 1 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ó lè tó 1.5, ìyẹn bíi 60 sí 90 fún ẹni tó wọn kílò 60, àfi tí kíndìnrín bá ní wàhálà, ẹ bi dókítà. Kó máa rìn, kó máa dìde jókòó lórí àga lẹ́ẹ̀mélòó kan, mọ́sù tí wọn ò lò ò ní rí ìdí tó fi máa dúró.

Oògùn ńkọ́? Olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ ni lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ẹ̀ lálaalẹ́ ń mú kéèyàn jẹun, kí orúkọ ẹ̀ má bà yín lẹ́rù. Megestrol náà ń mú ìwọ̀n ara gòkè, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti omi ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Steroid (irú oògùn bíi dexamethasone) ń ṣí ọ̀nà oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, tó bá pẹ́ á tún máa jẹ mọ́sù tá à ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà là. Japan fọwọ́ sí anamorelin, oògùn tó ń ṣe bíi kẹ́míkà tó ń mú kí ebi pa èèyàn, lọ́dún 2021, Yúróòpù ti kọ̀ ọ́ ṣáájú, torí mọ́sù pọ̀ sí i, agbára ọwọ́ ò lé. Ponsegromab tó ń mú GDF-15 mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń dán wò, ìwọ̀n ara àwọn tó gbà á gòkè nínú èsì tó jáde lọ́dún 2024.

Ìgbà kan sì máa ń dé tí jẹjẹrẹ ò gbọ́ ìtọ́jú mọ́, tí ara ò lè lo oúnjẹ mọ́. Fífi dandan mú un jẹ nígbà yẹn, tàbí gbígbé oúnjẹ gba iṣan wọlé, kì í sábà fi ọjọ́ kún ọjọ́, ikùn á kàn máa wú, á máa bì. Ṣíbí kan nínú ohun tó bá béèrè, omi díẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń tọ́ ètè ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.