Tíréè irinṣẹ́ abẹ: ọ̀nà tó ń gbà kó tó dé tíátà

Bí wọ́n bá ti gbé èèyàn wọ tíátà ní Abẹ́òkúta báyìí, ì báà jẹ́ FMC Ìdí-Abà, ì báà jẹ́ ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò tó ti wà láti 1895, dókítà tó máa mú ọ̀bẹ ni gbogbo ẹbí tó jókòó síta máa ń gbàdúrà fún. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ fi ẹni tó fọ ọ̀bẹ yẹn náà kún àdúrà o, torí tí iṣẹ́ tiẹ̀ ò bá dáa, kò sí bí ọwọ́ dókítà ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣe tó, egbò yẹn lè kẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Ti hẹ́níà yàtọ̀, ti C.S., ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde nínú ìyá ẹ̀, yàtọ̀. Nínú ti C.S. ẹ máa rí sísọ́ọ̀sì, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fún ojú iṣan pa kí ẹ̀jẹ̀ dá, èyí tó ń di abẹ́rẹ́ mú, àti irin pẹrẹsẹ ńlá kan tí wọ́n fi ń ti àpò ìtọ̀ sẹ́yìn kí ọ̀bẹ má bàa kàn án. Iye gbogbo wọn máa ń wà nínú ìwé tó ń bá tíréè náà rìn.

Fífọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ooru ò lè pa ohun tí kò bá kàn, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ mọ́ oríkèé sísọ́ọ̀sì níbi tí apá méjèèjì ti kọ ara wọn, kòkòrò tó wà lábẹ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn lè wọ iná kó sì jáde láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kó gbẹ. Omi tútù ni wọ́n fi ń ṣan án lákọ̀ọ́kọ́, torí omi gbígbóná á se ẹ̀jẹ̀ mọ́ irin lára ni, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, oríkèé kọ̀ọ̀kan, eyín kọ̀ọ̀kan. Àwọn ibòmíì máa ń rì í sínú omi bílíìṣì fún bí ìṣẹ́jú 10 ná, àmọ́ tó bá pẹ́ jù níbẹ̀ irin á dógùn-ún, ibi tó bá sì ti jẹ yẹn, ìdọ̀tí á máa rí ibẹ̀ sá sí.

Tó bá gbẹ tán wọ́n á tò ó, wọ́n á la ẹnu sísọ́ọ̀sì àtàwọn ẹ̀mú sílẹ̀ kí ooru ráyè wọlé, wọ́n á fi aṣọ dì í ní ìlọ́po méjì, wọ́n á lẹ téèpù mọ́ ọn, wọ́n á kọ déètì sí i, ó di inú ọ́tókíléèfù, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò láti fi ooru omi pa kòkòrò. Charles Chamberland, ará Faransé, ló ṣe irú ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1879. Bíi pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tó ń hó lásán ò ju digíríì 100 lọ, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ti ká ara ẹ̀ mọ́ inú èèpo lè là á já, àmọ́ tí wọ́n bá há ooru omi mọ́, ó máa dé 121, kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30. Àwọn ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń fa afẹ́fẹ́ jáde máa ń lo 134 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgbà tó bá tó pé ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú o, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, torí náà tí NEPA bá mú iná lọ láàárín, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bínú pé wọ́n ní ká dúró díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ìdúró yẹn lérè.

Ilà ara téèpù yẹn máa ń di dúdú nínú ẹ̀rọ, àmọ́ ìyẹn ò fi hàn pé kòkòrò ti kú tán, ó kàn ń sọ pé páàkì yẹn ti rí ooru ni. Wọ́n tún máa ń fi bébà kan sáàárín irinṣẹ́ gan-an, tóun náà ń yí àwọ̀. Àyẹ̀wò tó dájú jù ni ti kòkòrò kan tó lágídí sí ooru, Geobacillus stearothermophilus, wọ́n á kó o wọlé pẹ̀lú ẹrù, tó bá kú, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Páàkì tó bá jáde tútù, wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó, torí omi ló ń fa kòkòrò gba inú aṣọ wọlé, lásìkò òjò sì rèé, ibi ìkó-nǹkan-sí náà gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ní tíátà, nọ́ọ̀sì tí kò wọ aṣọ àti gílọ́ọ̀fù tí wọ́n ti pa kòkòrò ara ẹ̀ ló ń tú páàkì. Etí aṣọ tó jìnnà sí i ló ń kọ́kọ́ ṣí, èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ń kẹ́yìn, kí apá ẹ̀ má bàa kọjá lórí irinṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kejì tó ti fọwọ́, tó ti wọ gílọ́ọ̀fù, á wá kà á sókè, ẹnìkejì á máa kọ ọ́ sílẹ̀: irin, abẹ́rẹ́, gọ́ọ̀sì (aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀). Wọ́n á tún kà kí wọ́n tó pa ikùn dé, wọ́n á sì kà nígbà tí wọ́n bá ń rán awọ ara. Tí gọ́ọ̀sì kan bá dín, wọ́n á dúró wá a. Okùn kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń hàn nínú ẹ́síréè, torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi sí i.

Gbogbo ohun tó bá wà lórí tábìlì yẹn ló ń padà síbi ìfọ̀, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.