Ọ̀kẹ́ Owó, Ọ̀kẹ́ Èkùrọ́: Ibi Tí Ìlú Àká Hamburg Ti Ṣẹ̀

Bí ènìyàn bá dé Hamburg ní Jámánì, tó sì béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé-ẹrù pupa tó wà létí omi, èsì kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: ọ̀rọ̀ owó-bodè ni. Wọn á ní ìlú náà bá ìjọba Jámánì ṣe àdéhùn ní 1881 pé òun yóò wọ inú ìṣọ̀kan owó-bodè ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi apá kan èbúté sílẹ̀ fún òun, níbi tí ọjà òkèèrè ti lè wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì tún jáde láìsan kọ́bọ̀. Apá yẹn ni wọ́n kọ́ Speicherstadt sí, Káísà Wilhelm Kejì sì wá ṣí i lọ́jọ́ 29 oṣù kẹwàá, 1888. N kò bá wọn jiyàn lórí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣílé kọ́ ni ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ilé jọ, ọmọ Iléṣà sì ni mí, mo ní ibi tí mo gbà pé díẹ̀ nínú owó náà ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ náà wò. Stadt ni ìlú. Speicher ni ilé tí à ń kó ẹrù sí. Inú èdè Látìnì ló ti wá, lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ṣírí ọkà. Àká ni, àká gan-an tí àwọn bàbá wa ń kọ́ sóko, tí wọ́n ń kó àgbàdo sí kí ẹ̀lírí àti kòkòrò má baà dé ibẹ̀. Ìlú Àká ni n ó máa pè é. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kọ sínú ìwé kò gbé òórùn oko wá sí mi nímú.

Àwọn kan á ní kí ló kan Iléṣà, ìlú tó fi nǹkan bí 200 kìlómítà jìn sí Èkó, nínú ọ̀rọ̀ èbúté. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé orúkọ tí à ń pe ọba wa. Ọwá Obòkun ni. Ojú ló ń dun Odùduwà ní Ifẹ̀, Ifá sì ní omi òkun ni yóò wò ó sàn. Ọ̀nà jìn, àwọn ọmọ tó kù fà sẹ́yìn. Ajíbógun ló dìde, ló bu omi òkun wá, tí ojú bàbá rẹ̀ fi là. Kó tó padà dé, wọ́n ti pín ogún tán, idà ni bàbá fà lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀nà òkun ti wà lójú Ìjẹ̀ṣà. Èrò tèmi ni pé gúúsù ló kọrí sí, tó gba igbó Oǹdó já sí ọ̀sà, torí ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ tún gbà nígbà tí ayé le mọ́ wọn, bí n ó ṣe sọ láìpẹ́.

Owó ẹyọ ló so Hamburg mọ́ wa. Ẹyọ kéékèèké láti erékùṣù Maldives ni à ń ná láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1850, àwọn oníṣòwò Hamburg, tí ilé O'Swald jẹ́ gbajúmọ̀ láàárín wọn, ti rí i pé irú ẹyọ mìíràn wà létíkun Zanzibar, ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ́ọ́kú. Wọ́n ń dì í kún ọkọ̀, wọ́n ń yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po, wọ́n ń já a sí Èkó, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa. Ìkarawun ni lọ́hùn-ún, owó ni lọ́dọ̀ wa. Epo tí wọ́n fi rà di ọṣẹ àti àbẹ́là ní Yúróòpù. Ẹ wo ìdúró mẹ́ta tí ọkọ̀ kan ṣe, èrè ló ń kó níbi gbogbo.

Ẹyọ náà wá pọ̀ jù láàárín ìlú. Iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, títí owó aláàárù fi ń jẹ púpọ̀ nínú owó tó rù. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni wọ́n ń dà sínú ọ̀kẹ́ kan, 20,000 nìyẹn. Ọ̀kẹ́ kò sì ju àpò lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka iye ní Yorùbá fi ń pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan títí dòní: àpò ló ń kà. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mú ọ̀rọ̀ yẹn dání, a ó padà bá a.

Ọ̀nà wo ni ẹyọ gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà wo ni epo gbà lọ? Àwọn ará Ìjẹ̀bú a máa ní ọwọ́ àwọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Alágbàtà ni wọ́n, a kì í sì í pe alágbàtà ní olóko. Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Glover tó ń ṣàkóso Èkó jẹ́ kí wọ́n ṣí ọ̀nà Oǹdó, láti ọ̀sà gba ilẹ̀ Oǹdó dé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, láìfẹsẹ̀ kan Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn. Ọ̀nà yìí ni ìbọn Snider gbà dé ọwọ́ Ògèdèǹgbé àti Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Ní 1885, ilé Gaiser, ará Hamburg tó ń ṣòwò l'Ékòó, gbìyànjú láti gba etíkun Máhìn fún Jámánì. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà, Jámánì sì fi í sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Kí ni ará Hamburg ń wá ní Máhìn, ilẹ̀ irà àti yànmùyánmú, bí kò ṣe pé ìdí ọ̀nà Oǹdó wà nítòsí ibẹ̀? Ọdún mẹ́ta péré ni Máhìn fi ṣáájú ìṣílé Ìlú Àká. Èmi ò lè rí méjèèjì kí n má so wọ́n pọ̀.

Nígbà yẹn, èkùrọ́ ti wá gba ipò lẹ́yìn epo. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Hamburg àti Harburg tó wà ní òdìkejì odò ló sì ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n ń fún òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ àti mágaríìnì, wọ́n ń fi èérún rẹ̀ bọ́ màlúù.

Òkúta tí yèyé mi àgbà fi ń pa èkùrọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkèṣà. Kòtò kan wà láàárín rẹ̀ tó gba èkùrọ́ kan péré. Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ, lílù ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ òsì á gbé èkùrọ́ sí i, ọwọ́ ọ̀tún á sọ òkúta kékeré lé e lórí, èèpo á fọ́n ká, ọmọ á bọ́ sínú igbá. Ọ̀kẹ́ kan èkùrọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi lù ú.

Òun ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo wọ Ìlú Àká. Bíríkì pupa ni gbogbo rẹ̀, agbo ilé 15 tó ga fíofío, orí igi tí wọ́n gbá mọ́ inú irà ló dúró lé. Omi ń gba ojú kan, títì ń gba ojú kejì. Ọkọ̀ á wá dúró nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó wà ní ṣóńṣó òrùlé á fi okùn fa àpò wọ àjà tó bá wù wọ́n.

Nínú mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀, wọ́n to àpò kòkó àti kọfí sílẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní Quartiersleute, àwọn ọkùnrin tó máa ń kó ara wọn jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin láti tọ́jú ẹrù ẹlẹ́rù, láti wọ̀n ọ́n, àti láti sọ bó ti dára tó. Irin kan wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bíi kálàmù. Wọ́n á gún un wọ ẹ̀gbẹ́ àpò, á bu díẹ̀ jáde láìtú ẹnu àpò. Mo dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Irú rẹ̀ ni gírédà ń mú wá sí ilé kòkó ní Iléṣà nígbà tí mo wà ní kékeré: á gún àpò, á da kòkó sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ọ̀bẹ là á, á wò ó bóyá ó ti bu tàbí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Kòkó yẹn, Ọwá Ajímọ̀kọ́ Kìíní, Frederick Kumokun Haastrup, ni Ìjẹ̀ṣà gbà pé ó mú un wá. Wọ́n ti kó o lẹ́rú rí, wọ́n dá a sílẹ̀ ní Sàró, ó ṣòwò l'Ékòó, ó sì gorí ìtẹ́ ní 1896. Oko Àgége ti ní kòkó ṣáájú, kò burú. Nílé tiwa, ọba ló gbé e wọ̀lú.

Ohun kan wà tí ìtàn owó-bodè ń sáré kọjá. Àwọn ènìyàn ń gbé orí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ní Kehrwieder àti Wandrahm. Nǹkan bí 20,000 ni wọ́n kó kúrò kí àká tó rí àyè. Nígbà tí mo ka iye náà lára ògiri, Yorùbá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn: ọ̀kẹ́ kan ènìyàn.

Ìyókù kò gùn. Bọ́ǹbù wó nǹkan bí ìdajì rẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tún un kọ́. Kọ̀nténà dé, ẹrù kò wá àká mọ́. Ìjọba fòfin dáàbò bò ó ní 1991, ilé àfihàn àwọn àpẹẹrẹ rélùwéè kéékèèké tí gbogbo ayé ń lọ wò ṣí níbẹ̀ ní 2001, UNESCO gbà á sínú ohun àjogúnbá ayé ní 2015. Nítòsí ibẹ̀, wọ́n gbé ilé orin Elbphilharmonie, tí wọ́n ṣí ní 2017, ka orí Kaispeicher A, ilé-ẹrù tí wọ́n ń kó kòkó, tíì àti tábà sí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo dé Iléṣà, mo fi fọ́tò ẹ̀rọ orí òrùlé náà han ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti fi orí ru kòkó láti oko wá sílé nígbà èwe rẹ̀.

"Ta ló ń gbé àpò dé òkè yẹn?"

"Ẹ̀rọ ló ń fà á, yèyé."

Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú òṣùká aṣọ kan jáde tó ti le koránkorán, tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀ sí ìrísí orí wọn. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní bí mo bá tún ń lọ, kí n bá wọn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ irin yẹn.