Handler Ti Wà Nínú Kóòdù, Kí Ló Dé Tí Áàpù Ṣì Ń Takú?

Ìbéèrè: Áàpù Android mi ń ka fáìlì ńlá kan. Mo kọ new Handler() sínú onCreate, ibi tí kóòdù ojú ìwé áàpù ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fi post gbé iṣẹ́ náà fún un kí ó lè máa lọ lábẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ áàpù náà takú, Android sì ní kò dáhùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Handler kì í dá thread kankan sílẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù ń gbà ṣe iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ẹ bá fún un, orí ìlà Looper kan (ohun tí ó ń mú iṣẹ́ láti orí ìlà fún thread rẹ̀) ni ó ń tò ó sí, thread tí ó ni Looper náà ni yóò sì ṣe é nígbà tí ó bá kàn án. Ẹni tí a fi lẹ́tà rán kọ́ ló ń yan ilé tí yóò já a sí. Àdírẹ́sì ara lẹ́tà ni. Nínú onCreate, àdírẹ́sì yẹn ni main thread, thread kan ṣoṣo tí ó ń ya ojú áàpù tí ó sì ń dá ìfọwọ́kàn lóhùn, nítorí pé new Handler() tí a kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ máa ń mú Looper ibi tí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti Android 11 ni Google ti ní kí a jáwọ́ nínú ìlò yìí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìfọwọ́kàn bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5 láìrí ìdáhùn, Android yóò kéde ANR (Application Not Responding), ìyẹn ni pé áàpù kò dáhùn.

Ìbéèrè: Níbo wá ni kí n gbé iṣẹ́ náà sí?

Ìdáhùn: Ẹ dá HandlerThread, thread tí ó ní Looper tirẹ̀, sílẹ̀, ẹ pe start() rẹ̀, kí ẹ tó fi getLooper() rẹ̀ ṣe Handler tuntun. Bí ẹ bá gbàgbé start(), null ni getLooper() yóò dá padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan TextView (ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń hàn lójú áàpù) tàbí bọ́tìnnì kankan láti ibẹ̀, nítorí pé Android kò gbà kí thread mìíràn yí ohun tí main thread yà sójú áàpù padà. Handler kejì, tí ẹ fi Looper.getMainLooper() ṣe, ni yóò gbé èsì padà sórí main thread.

Ìbéèrè: Bí aṣàmúlò bá ti pa ojú ìwé náà dé ńkọ́?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tí ó ṣì wà lórí ìlà lè di Activity náà, ìyẹn ojú ìwé áàpù, mú sínú mẹ́mórì. Nínú onDestroy, tí Android ń pè nígbà tí ojú ìwé bá fẹ́ parẹ́, ẹ pe removeCallbacksAndMessages(null) lórí Handler méjèèjì láti yọ iṣẹ́ tó kù kúrò lórí ìlà, kí ẹ sì pe quitSafely() lórí HandlerThread láti dá a dúró.